Abẹ́rẹ́ Tí N Kò Gún Kúmà Mi

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka ìwé yìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ mi, kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo fa oògùn àjẹsára Kòrónà sínú abẹ́rẹ́, mo di apá obìnrin kan mú bí ẹni tó fẹ́ gún un, mo sì tú gbogbo oògùn náà sínú òwú. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà mo kọ ọ́ sínú ìwé pé mo ti gún un.

N kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà mìíràn ó máa ń wù mí kó jẹ́ pé mo gbà. Olè lásán ni ǹ bá jẹ́ nígbà yẹn, àwọn èèyàn á sì mọ ohun tí wọn yóò máa pè mí.

Orúkọ mi ni Nevyana. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Dókítà Kamenov ní abúlé wa, ní àríwá Bulgaria, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti kó lọ sókè òkun tán, tó wá ku àwọn arúgbó àti àwa tí a kò ríbi lọ.

Obìnrin tí mò ń sọ yìí ni Kúmà Dochka. Òun àti ọkọ rẹ̀, Kúmù Spas, ló dúró tì wá níwájú àlùfáà lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Òun náà ló gbé Bilyana, ọmọ wa kan ṣoṣo, lọ ṣe ìrìbọmi. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fúnni là ń pè ní kúmà, ọkọ rẹ̀ a jẹ́ kúmù, kúmà sì ju ẹ̀gbọ́n lọ. Èèyàn lè bá ìyá rẹ̀ jiyàn, ó lè bá àbúrò rẹ̀ jà kí wọ́n má sọ̀rọ̀ fọ́dún márùn-ún, ṣùgbọ́n tí kúmà bá béèrè nǹkan, ó tán. Wàá ṣe é ni.

Oṣù Keje ọdún 2021 ló wá, lọ́jọ́ kan tí dókítà lọ sí abúlé kejì. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wa, ó jókòó sórí àga aláìsàn, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan.

"Nevyana, Yoana ọmọ mi fẹ́ bímọ ní Vienna."

"Ẹ kú oríire o, Kúmà! Ìgbà wo ni?"

"Oṣù Kẹsàn-án. Wọ́n ní wọn ò ní jẹ́ kí n wọ̀lú láìsí ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ yín yìí."

"Ìyẹn ò le rárá. Ọjọ́bọ̀ la máa ń gún un. Ẹ ṣáà ká apá aṣọ yín sókè, kí ẹ tó mí kanlẹ̀, mo ti ṣe tán."

"Ìwé ni mo ní mo fẹ́. Ṣé o gbọ́ kí n dárúkọ abẹ́rẹ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Mitra, orí irú àga yìí ló kú sí," ló wí. "Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Wọ́n gún un ní pẹnisílínì, ó yíjú wò mí, ojú rẹ̀ ń wú, ó sì kú. Ìyá tó bí ọ gan-an kò tíì lọ́kọ nígbà yẹn. Títí dòní, tí mo bá ti rí abẹ́rẹ́, ojú Mitra ni mò ń rí."

"Kúmà, oògùn yẹn yàtọ̀ sí èyí."

"Ó lè yàtọ̀. Ojú Mitra ò yàtọ̀."

"Ẹ jẹ́ ká sọ fún dókítà. Ó máa dúró tì yín, ẹ máa jókòó sọ́dọ̀ wa títí ọkàn yín á fi balẹ̀..."

"Tí o bá fi lè sọ fún dókítà, èmi pẹ̀lú rẹ ti parí nìyẹn. Ta ló gbé ọmọ rẹ lọ ìrìbọmi?"

"Ẹ̀yin ni."

"Nígbà tí àwọn ará ilé ọkọ rẹ ń pè ọ́ ní àgàn, ta ló lọ bá wọn fa wàhálà?"

"Ẹ̀yin náà ni, Kúmà."

"Ṣé mo ti béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ rí?"

Kò béèrè rí. Ọdún méjìlá gbáko, obìnrin yìí ń fúnni ni, kì í gbà. Ibi tó ti mú mi nìyẹn. Mo ronú pé ara rẹ̀ le, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta tó ṣì ń gun àkàbà ká èso. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀ẹ̀kan yìí ni, kó lọ rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kó padà, màá wá rọra yí i lọ́kàn padà tó bá dé. Ẹ wo bí èèyàn ṣe ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Lọ́jọ́bọ̀ yẹn, èèyàn márùn-ún mìíràn ló wà lórí ìlà. Kúmà ló kọ́kọ́ wọlé, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn. Mo fi àtàǹpàkò tẹ apá rẹ̀, mo tú oògùn sínú òwú tó wà lábẹ́ ìka mi, mo lẹ bándéèjì kékeré mọ́ ọn. Kúmà pariwo "Yéè!" bí ẹni tí oyin ta. Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín.

Dókítà Kamenov yọjú láti yàrá rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni ọkùnrin yẹn ti ń ti ojúlé dé ojúlé tó ń bẹ àwọn èèyàn.

"Ẹ ò rí i? Dochka tó máa ń sá fún abẹ́rẹ́ ti gbà á! Ta ló tún kù tó ń bẹ̀rù?"

Èèyàn mọ́kànlá ló fi orúkọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Dókítà fọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní mo káre. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a tún ṣe eré náà lẹ́ẹ̀kejì, lọ́nà kan náà, pẹ̀lú igbe kan náà.

Ìyá mi wà lára àwọn tí eré yẹn wọ̀ lójú. Mama Ginka, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, tí ikọ́ fée ti ń dà láàmú láti ìgbà tó ti wà ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ. Òun nìkan ni òbí tó kù fún mi. Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gba abẹ́rẹ́ yìí. Mo bá a ní àgbàlá rẹ̀ lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kẹsàn-án, ó ń sun tàtàṣé tó fẹ́ rọ sínú ìgò de ìgbà òtútù, ó ń bó èèpo rẹ̀ láìbìkítà pé ó gbóná.

"Mama, ẹ jẹ́ ká lọ lọ́jọ́bọ̀. Àyà yín ò lè gbé àrùn yìí."

"Dochka ti lọ sí Vienna, àbí?"

"Ó ti lọ."

"Màá wò ó ná. Tó bá lọ tó bọ̀, tí ara rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá, èmi náà ń bọ̀. Kọ orúkọ mi sí oṣù Kẹwàá, lẹ́yìn tí mo bá ti palẹ̀ ọgbà mọ́. Má wulẹ̀ máa wò mí bẹ́ẹ̀, ọmọ yìí. Mo ní mo máa gbà á."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀: Ginka, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹwàá.

Kúmà dé láti Vienna ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá, ikọ́ sì bá a wálé. Lọ́jọ́ kẹta kò lè gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ aláìsàn gbé e lọ sí ìlú. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n gbé e lọ, ó pè mí lórí fóònù. Ẹ̀rọ tí ń fún un ní ọ́síjìn ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Nevyana. Wọ́n bi mí bóyá mo gba abẹ́rẹ́. Mo ní mo gbà á. Méjèèjì."

"Kúmà, mo bẹ̀ yín, ẹ sọ òótọ́ fún wọn."

"Spas ò mọ̀. Yoana ò mọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi gbé ọmọ tuntun yẹn mọ́ àyà. Tí Yoana bá gbọ́ pé mo purọ́ wọ ilé rẹ̀..." Ó mí, ó tún mí. "Fi orí Bilyana búra fún mi pé o ò ní sọ."

"Kúmà!"

"Ọmọ tí mo gbé lọ ìrìbọmi. Fi orí rẹ̀ búra."

Mo búra. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, Kúmà Dochka kú.

Tí èèyàn bá kú lọ́dọ̀ wa, a máa ń tẹ̀wé ìkéde tó ní àwòrán òkú náà, a óò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé, mọ́ igi, mọ́ ibùdókọ̀. Oṣù pẹ̀lú oṣù ló máa ń wà níbẹ̀. Kúmù Spas kọ ti ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀. Lábẹ́ orúkọ àti ọjọ́ orí, ó kọ ọ́ pé: "Ó gba abẹ́rẹ́ méjèèjì. Ó gba ohun tí wọ́n sọ gbọ́." Ó sì wá lẹ ọ̀kan mọ́ ilẹ̀kùn yàrá ìtọ́jú wa gan-an.

Mo ní kí n yọ ọ́. Dókítà kọ̀.

"Fi í sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló kú. Tó bá jẹ́ èmi, mi ò mọ ohun tí ǹ bá kọ."

Bí mo ṣe ń pàdé ojú Kúmà láàárọ̀ nìyẹn, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi lára ilẹ̀kùn, tí mo sì ní láti fọwọ́ ti ilẹ̀kùn náà kí n tó lè wọlé. Mo máa ń ti ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ọwọ́ mi má bàa kàn án lójú.

Ọ̀rọ̀ ti gba ìlú kan. Ní ṣọ́ọ̀bù Stanka, níbi tí gbogbo wa ti ń ra búrẹ́dì, kò sí ohun mìíràn lẹ́nu wọn.

"Méjì ló gbà o," Stanka ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. "Ojú mi kòrókòró báyìí! Mo wà lórí ìlà lẹ́yìn rẹ̀. Nevyana, ìwọ náà rèé. Ìwọ lo gún un, àbí irọ́ ni mò ń pa?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù yíjú sí mi. Màmá mi wà níbẹ̀, ó mú búrẹ́dì lọ́wọ́.

"Èmi ni mo gún un," ni mo wí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, nínú gbogbo irọ́ tí mo pa, ìyẹn ló ń dún létí mi jù. Wọn ò fipá mú mi. Ǹ bá ti mú oúnjẹ mi kí n jáde.

Dókítà gbìyànjú. Ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù náà, ó ń ṣàlàyé pé ẹni tó gba abẹ́rẹ́ ṣì lè kó àrùn, pé ó máa ń ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ohun àdììtú, ṣùgbọ́n pé púpọ̀ nínú wọn kì í dé bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, àwọn tó ń kú nínú wọn ò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí kò gbà á.

"Dochka dé bẹ́ẹ̀dì o," Stanka dá a lóhùn. "Ó tiẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀dì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Irú ẹ̀rín tí kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ tí dókítà sọ, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Àpẹẹrẹ tó ń fi ṣàlàyé ni irọ́, kò sì mọ̀. Lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún, èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lórí ìwé wa. Méjì ló wá. Ìyá mi kò sí nínú àwọn méjì.

Mo sáré lọ sílé rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

"Mama, orúkọ yín wà nílẹ̀."

"Fi gègé pa á rẹ́."

"Ẹ ní ẹ máa gbà á."

"Mo ní màá wo Dochka. Mo ti wò ó. Mo wò ó nínú pósí." Ó ń to àwọn ìgò tàtàṣé rẹ̀ sórí pẹpẹ, kò wojú mi. "Sọ ohun kan fún mi, ìwọ tó o gún un. Kí ni abẹ́rẹ́ yẹn ṣe fún un?"

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí ìyá mi ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Mo la ẹnu. Orí Bilyana ni mo rí, irun rẹ̀ tí mo dì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo pa ẹnu dé.

"Ṣé o rí i?" ni Mama wí. "Ìwọ gan-an ò mọ̀."

Láti ìgbà ikú Kúmà ni dókítà ti ń rù. Iná ti lọ fún wákàtí mélòó kan lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ, ó sì ti fi í sọ́kàn pé fíríìjì wa ló ba oògùn jẹ́, pé omi lásán ló wọ ara Dochka, pé òun ló pa á. Kò jẹun. Ó máa ń dúró níwájú fíríìjì náà, ó ń wo iye òtútù tó wà lára rẹ̀, á pa á dé, á tún ṣí i. Mo máa ń rí i, màá sì máa nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ó pe àwọn márùn-ún tí wọ́n jọ gba oògùn láti inú ìgò kan náà pẹ̀lú Kúmà, ó gba ẹ̀jẹ̀ wọn, ó fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Ó tún pe àwọn dókítà tó tọ́jú Kúmà ní ìlú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, ó pè mí wọ yàrá rẹ̀, ó tẹ́ ìwé mẹ́fà sórí tábìlì.

"Àwọn márùn-ún yìí, ẹ̀jẹ̀ wọn kún fún èròjà tí ń bá àrùn yẹn jà. Gbogbo wọn. Nítorí náà fíríìjì kọ́." Ó fọwọ́ kan ìwé kẹfà. "Èyí ni ẹ̀jẹ̀ Dochka tí wọ́n gbà lọ́jọ́ tó wọ ilé ìwòsàn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Òfo. Ṣé ó ń lo oògùn kan tí kò sọ fún mi? Oògùn tó lè mú kí ara má gba àjẹsára?"

Ẹ ò rí i bí ilẹ̀kùn ṣe tún ṣí sílẹ̀ fún mi? "Bẹ́ẹ̀ ni, Dókítà" kan péré, mo ti bọ́. Mo wo ilẹ̀. Mo ń wá orúkọ oògùn tí màá dá. Mo mọ̀ tó mẹ́ta.

"Mò ń bi ọ́ ní ìbéèrè," ló wí. Ó wo ìwé kẹfà, ó wo ojú mi. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Nevyana. Ibo lo dà á sí?"

Kò bi mí bóyá mo ṣe é.

"Sínú òwú."

"Lẹ́ẹ̀mejèèjì?"

"Lẹ́ẹ̀mejèèjì."

Ó jókòó. Mo rò pé yóò pariwo lé mi lórí. Ó kàn ń fọwọ́ nu ojú, ó ń nu ún bí ẹni tó fẹ́ bó awọ rẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ló wí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi rò pé èmi ni mo pa á. O ń rí mi. O ń po kọfí fún mi."

"Dókítà, kúmà mi ni..."

"Mo mọ̀ pé kúmà rẹ ni! Ṣé èmi ò ní kúmà ni? Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé ó ti gbà á?"

"Kò tíì gbà á."

"Nítorí Dochka?"

Mo jókòó, mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Dìde. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ni wàá kọ́kọ́ lọ, èmi ni n ó pè wọ́n. Lọ bá ìyá rẹ, kó o sọ fún un nísinsìnyí."

Mo lọ. Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi, mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, láti orí Mitra títí dé orí ìbúra. Mo rò pé yóò gbá mi létí. Mo fẹ́ kó gbá mi létí, kó wá wọ bàtà, ká jọ lọ.

Ó wò mí títí.

"O fẹ́ kí n gba abẹ́rẹ́ yẹn tó bẹ́ẹ̀? Tó o fi wá ń ba òkú lórúkọ jẹ́?"

"Mama, òótọ́ ni!"

"Òní ló wá di òótọ́. Nínú ṣọ́ọ̀bù Stanka ńkọ́? Mo dúró níbẹ̀. O wo ojú gbogbo wa, o ní 'Èmi ni mo gún un.' Èwo ni kí n mú nínú méjèèjì?"

"Eléyìí ni kí ẹ mú."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ eléyìí? Torí pé òun lo fẹ́ kí n mú lónìí?"

Dókítà fúnra rẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì, ó mú àwọn ìwé àyẹ̀wò náà dání. Ìyá mi fún un ní kọfí, ó fún un ní àkàrà oyinbo, ó sì sọ fún un pé ilé iṣẹ́ kan náà ni dókítà àti èmi ti jọ ń jẹun. Kò wo ìwé náà rárá.

Àwọn olùbẹ̀wò ìlera tí dókítà pè dé. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ mi ṣì wà ní kóòtù di bí mo ṣe ń wí yìí. Mo sì rò pé ó kéré tán, abúlé á gbà á gbọ́ báyìí. Rárá. Stanka sọ ọ́ ní gbangba pé wọ́n ti há mi mọ́ ni, pé wọ́n ní kí n ru ẹ̀bi náà kí abẹ́rẹ́ wọn lè dára lójú ayé. Àwọn obìnrin tí wọn kì í kí mi tẹ́lẹ̀ wá ń fi ẹyin ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ń ṣàánú mi. Mo pariwo lé ọ̀kan lórí lójú títì pé, "Mo ní mi ò gún un!" Ó fọwọ́ pa mí lára, ó ní, "A mọ̀, ọmọ mi, a mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kó o máa sọ."

Lópin oṣù Kọkànlá, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Àyà tó ti ń ṣe fée láti ogún ọdún kò lè bá àrùn náà jà. Nítorí pé mo mọ àwọn nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn ìlú, wọ́n wọ aṣọ ìdáàbòbò fún mi, wọ́n jẹ́ kí n wọlé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ojú mi nìkan ló hàn. Ó mọ̀ mí síbẹ̀.

Ó fi ìka pè mí kí n sún mọ́ ọn. Ó gbé ìbomú ọ́síjìn náà kúrò díẹ̀.

"Ti Dochka yẹn. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Mama."

Ó dá ìbomú padà, ó mí bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó tún gbé e kúrò.

"Kí ló dé tó ò tètè sọ?"

Mo fẹ́ sọ fún un pé mo búra. Mo fẹ́ sọ fún un pé ẹ̀rù orí Bilyana ló bà mí. Gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu mi, kò sì sí èyí tó ṣeé sọ fún ẹni tí kò rí èémí mí. Nọ́ọ̀sì kan wá fà mí lápá pé àkókò tó. Ìyá mi ń wò mí títí mo fi jáde, ó ń dúró de èsì.

Ó kú lọ́jọ́ kejì. Dókítà Kamenov sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó lè fi gbogbo ẹnu sọ pé abẹ́rẹ́ náà ì bá ti gbà á là. Ó ní ó ṣeé ṣe kó gbà á là. Olóòótọ́ èèyàn ni, kò lè fi irọ́ tù mí nínú.

Láti ọjọ́ yẹn, tí Bilyana bá ti húkọ́ pẹ́nrẹ́n, mo ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti da ìbúra tí mo fi orí rẹ̀ ṣe. Valcho ọkọ mi ní òmùgọ̀ ni mí, pé irú ìbúra yẹn kò lágbára. Mo mọ̀. Síbẹ̀ mo máa ń gbé ọwọ́ lé iwájú orí ọmọ náà nígbà mẹ́wàá lójúmọ́, tó fi ní kí n yéé da òun láàmú.

Ọjọ́ ìkẹyìn tí mo fẹ́ sọ fún yín ni Ọjọ́ Àìkú Ìdáríjì, ní oṣù Kẹta. Kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, a gbọ́dọ̀ lọ sílé kúmù wa, ká fẹnu ko ọwọ́ rẹ̀, ká tọrọ àforíjì fún gbogbo ohun tí a ti ṣẹ̀ ẹ́ láti ọdún dé ọdún. Kúmù kì í bínú kọ̀. Mo mú ọsàn àti ẹyin dání. Mo ti pinnu pé màá sọ ọ́ fún Kúmù Spas láti ẹnu ara mi, kó má jẹ́ ohun tó gbọ́ nígboro.

Òun nìkan ló wà nílé. Ó ti rù, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Mo kúnlẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fẹnu kò ó.

"Ẹ dárí jì mí, Kúmù."

"Ọlọ́run á dárí jì wá. Dìde, ọmọ mi."

"N ò ní dìde. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe."

"Mo mọ ohun tó o ṣe. O gún un." Ó gbé ọwọ́ kejì lé mi lórí. "Wọ́n ní kó o gún un, o sì gún un. Iṣẹ́ rẹ ni. Mo bínú sí ọ gan-an nígbà yẹn. Mo ti dárí abẹ́rẹ́ yẹn jì ọ́."

"Kúmù, n ò gún un! Òun ló ní kí n má gún un. Ọlọ́run ń gbọ́ mi!"

"Ṣẹ́ẹ̀, ṣẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ nípa ìwé tí wọ́n ní kó o kọ. Má ṣe sọ ọ́ nínú ilé yìí, kò sí àwọn aláṣẹ níbí." Ó gbé mi dìde, ó fọwọ́ nu omi ojú mi bí ẹni ń nu ojú ọmọdé. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kí ọkàn rẹ balẹ̀. Ikú Dochka ò já sí asán. Mo ti sọ fún Yoana, mo ní abẹ́rẹ́ kankan ò gbọdọ̀ kan ọmọ yẹn lára, ì báà jẹ́ ti ìgbóná eéyi, ì báà jẹ́ ti rọpárọsẹ̀. Kankan. Ó sunkún, ṣùgbọ́n ó gbọ́ tèmi. Ó fi ìyá rẹ̀ búra fún mi."

Mo pe Yoana kí n tó dé ilé. Kò gbé e. Mo kọ̀wé sí i lórí fóònù. Ó ti dí ọ̀nà mọ́ mi. Mo fi ìwé ránṣẹ́ sí Vienna, ó padà wá bó ṣe lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi jókòó tí mò ń sọ ẹ̀gbin ara mi fún ẹ̀yin tí a kò mọra rí. Bóyá ẹnìkan nínú yín mọ obìnrin ará Bulgaria kan ní Vienna tó ń jẹ́ Yoana, tó ní ọmọbìnrin oṣù mẹ́fà kan. Dochka ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ìyá-ìyá rẹ̀.

Ẹ bá mi sọ fún un pé ìyá rẹ̀ kò gba abẹ́rẹ́ kankan. Tó bá ní irọ́ ni, ẹ má bá a jà. Ẹ tún un sọ.